Ọ̀nà Tó Dúró Láàárín Adágún

Taisto Rautiola kò jẹ oyè kankan, ìjọba ò sì yàn án sípò, ṣùgbọ́n láti ogójì ọdún wá, kò sẹ́ni tó ń gbé ẹsẹ̀ lé adágún abúlé wa nígbà òtútù àfi tí Taisto bá ti ní ó yá. Kì í tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Tí omi bá ti dì, á mú irin tó fi ń lu ihò, á lu ihò síbí, á lu ihò sọ́hùn-ún, á sì máa ri ẹ̀ka igi tútù mọ́ ojú omi dídì náà, láti èbúté wa títí dé erékùsù tó wà lódìkejì. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀ka ti rí ọ̀nà nìyẹn. Arúgbó á kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù á kọjá, pósí pàápàá ti kọjá rí.

Ní Fínlándì tiwa níbí, òtútù la fi ń ṣe fáàrí. Tí ọmọ bá ké pé òun ń gbọ̀n, ìyá rẹ̀ á bi í pé ọmọ ìlú wo ni. A ò lọ́rọ̀ lẹ́nu púpọ̀, ijó wa ò sì ṣeé wò, ṣùgbọ́n a mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí omi, a sì gbà pé ìyẹn ló sọ wá di ẹni tá a jẹ́. Taisto gba èyí gbọ́ ju gbogbo wa lọ.

Ọdún yìí ni nǹkan wá dojú rú. Oṣù kọkànlá lọ, omi ò dì. Ọdún tuntun dé, ó dì, òjò rọ̀ lé e lórí, ó yọ́, ó tún dì. A ní orúkọ fún àkókò tí ọkọ̀ ojú omi ò lè lọ, tí ẹsẹ̀ náà ò sì lè lọ. Kelirikko là ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa ń lò tẹ́lẹ̀. Tọdún yìí ti wọ oṣù kẹta.

Ibẹ̀ ni ọjọ́ ìbí Hilja wá bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n Taisto obìnrin ni, òun nìkan ló sì ń gbé ní erékùsù náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò pé ọgọ́rin ọdún. Ó ti ṣe kéèkì tó máa tó ogójì èèyàn, gbogbo abúlé sì ti ń múra. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Orvokki tó ni ṣọ́ọ̀bù etí omi dá Taisto dúró.

"Bàbá, ọ̀la ńkọ́? Ṣé adágún á lè gbé èèyàn?"

"Mò ń lọ wò ó."

"Ẹ ti ń lọ wò ó láti ọjọ́ Ajé! Àbí ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹ kéèkì yẹn tán ni?"

Àwọn tó ń mu kọfí níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Taisto ò rẹ́rìn-ín.

Ihò àkọ́kọ́ tó lù lọ́jọ́ yẹn, omi dídì náà nípọn tó ìka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ri ẹ̀ka síbẹ̀. Ìkejì dáa, ìkẹta dáa, ó ń rì í lọ títí ó fi dé àárín adágún. Níbẹ̀ ni irin ti wọlé wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí ṣíbí wọ inú ògì, omi sì tú jáde bo bàtà rẹ̀. Ó sún sápá òsì, ó nípọn. Ó sún sápá ọ̀tún, omi. Ẹ̀gbẹ́ àpáta kan tó yọrí láàárín omi, níbi tó ti ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn láti ogójì ọdún pé kí wọ́n má gbà, ló wá le jù lọ. Orí Taisto dàrú. Tó bá ní ó gbé, ó lè jẹ́ irọ́. Tó bá ní kò gbé, ìyẹn náà lè jẹ́ irọ́. Kò sì ní ọ̀rọ̀ kẹta, nítorí ẹnikẹ́ni ò bi í ní ọ̀rọ̀ kẹta rí. Ó fi àwọn ẹ̀ka náà sílẹ̀ lóòró, ó ní kóun lọ rò ó wò nílé.

Ọ̀nà tó dé ìdajì! A ò rí irú ẹ̀ rí lábúlé wa.

Lọ́jọ́ kejì, Taisto ń mu kọfí lójú fèrèsé nígbà tó rí ẹnì kan tó ń ti àga ẹlẹ́sẹ̀ irin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí omi dídì bọ̀ láti erékùsù. Hilja ni. Ojú rẹ̀ ò ríran kedere mọ́, ó rí ẹ̀ka bàìbàì lápá ọ̀dọ̀ wa, ó sì gbà pé wọ́n dé ọ̀dọ̀ tòun náà. Ife bọ́ lọ́wọ́ Taisto. Ó sáré jáde láìdé fìlà, ó ń sáré kọjá lẹ́bàá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ẹ dúró! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró níbẹ̀!"

"Kí lò ń pariwo fún?" ni Hilja dáhùn. "Mo ti rí ẹ̀ka rẹ látàná. Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí ò wá, ni mo bá ní kí n wá kó yín."

"Mi ò tíì rì í tán!"

"O ò tíì rì í tán kẹ̀? Ta ló ń ri ẹ̀ka dé ìdajì? Ṣé kò gbé èèyàn ni?"

Hilja tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Mi ò mọ̀!" Taisto figbe ta. "Mo lù ú títí, mi ò mọ̀! Mi ò mọ adágún yìí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi!"

Gbogbo àwa tá a wà níwájú ṣọ́ọ̀bù la gbọ́ ọ. Orvokki fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rù bà wá ju bí a ṣe lè sọ lọ.

Hilja dúró, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Kó tó máa lọ, ó bi í léèrè, ohùn rẹ̀ ò sì le mọ́:

"Taisto, bí ìwọ ò bá mọ̀ ọ́n, ta wá ni àwa?"

Taisto dúró títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé èbúté tirẹ̀ láìséwu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ẹ̀ka náà yọ bó ṣe ń bọ̀ wálé, àwa tá a wà létí omi ò sì mọ ibi tá a máa kọjú sí.