Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Dúró De Ìbò

Ìgbà òtútù tó ṣáájú ìbò gbogbogbòò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ogun Yúkéréènì ti sọ iná àti gáàsì di ọ̀wọ́n gógó, àwọn arúgbó ìlú yìí ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án gangan nínú ilé wọn. Náírà tiwa náà ti já wálẹ̀ débi pé ẹni tó ń jókòó lórí àga ọ̀gá ní báńkì n'Íjẹ̀bú-Òde ń bọ̀ wá fọ ìdí fún arúgbó ní Abbey Wood nílùú òyìnbó níbí. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà fọ ìdí, mo sì ti fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ṣáájú ìyẹn. Bàsírà lorúkọ mi, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé ní Thamesmead, èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà ni mo sì fi ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́, ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, kò sì dùn lẹ́nu.

Ilé ìtọ́jú arúgbó kan wà ládùúgbò wa tí n kò ní dárúkọ. Àwọn tó ni ín kó obìnrin mẹ́rìnlá wá láti ilé pẹ̀lú fíísà tó so wọ́n mọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì kó wọn sínú ilé tí wọ́n gbà fún wọn. Kúbúrà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo sọ pé ó ṣiṣẹ́ báńkì yẹn, wà lára wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó sanra, ẹni méjì ló yẹ kó máa gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dín òṣìṣẹ́ kù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Kúbúrà nìkan gbé ìyá náà, nǹkan sì dún kà nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kí ìyá náà bọ́. Ó rọra gbé e jókòó tán, kí òun fúnra rẹ̀ tó wó lulẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, máníjà ránṣẹ́ pè é.

"Àǹtí, ó bi mí bóyá ara mi ti yá," Kúbúrà ló ń ròyìn fún mi nínú ilé ìdáná mi. "Mo ní kò tíì yá. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n tí mi ò bá lè ṣiṣẹ́, àwọn ò lè máa ṣe onígbọ̀wọ́ mi nílùú yìí. Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tún fún mi ní bísíkíìtì."

"Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́, Àǹtí. Ẹ̀rù bà mí láti kọ̀ ọ́."

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo pe gbogbo wọn jọ sí Lesnes Abbey, ahoro ilé ìjọsìn àtijọ́ kan nítòsí wa, nítorí wọn ò lè ṣèpàdé nínú ilé tó jẹ́ ti ọ̀gá wọn. A jókòó sórí àwọn ògiri òkúta tó ti wó, bí ẹni tó wá ṣeré. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kò síbi tí fíísà wọn ti ní kí wọ́n má yanṣẹ́ lódì, pé tí wọ́n bá gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè tìtorí rẹ̀ lé wọn. Ṣèrífà, ẹni tó kéré jù nínú wọn, mi orí.

"Àǹtí, páálí ìlú yìí wà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́, ilé yín lẹ máa lọ. Tí wọ́n bá lé àwa, pápákọ̀ òfurufú ni."

Kúbúrà ló dìde, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí.

"Wọ́n ti fi ẹ̀yìn tèmi ṣe ẹ̀rọ," ó ní. "Ẹ̀yìn ta ló kàn?"

Wọ́n nawọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan Ṣèrífà. Mo ti rí ìyanṣẹ́lódì púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́rìnlá yẹn nínú òtútù, n kò lè gbàgbé wọn.

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni, ká bẹ̀rẹ̀ ètò ìdìbò fún ìyanṣẹ́lódì wọn, n kì bá tí máa sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n mo lọ bá Graham. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Òun ló ń ṣètò ìpolongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú wa ládùúgbò, ogún ọdún sì ni èmi àti ẹ̀ ti jọ ń kan ilẹ̀kùn kiri nínú òjò. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó wá sí mọ́ṣáláṣí, ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́yìn títí a fi kírun tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Mo rò pé yóò yọ̀ mọ́ mi. Ńṣe ló fọwọ́ nu ojú.

"Bàsírà, ìbò ti dé tán. Tí àwọn oníròyìn bá gbé e pé a kọ àwọn arúgbó sílẹ̀ ládùúgbò wa, àwa ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù. Tí a bá wọlé, òfin ló máa gbèjà wọn."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Kí la tìtorí ẹ̀ ń ṣe òṣèlú?"

Mo gbà á gbọ́. Mo ti rí bí ìjọba ìgbà náà ṣe gé ohun gbogbo kù, mo sì rò pé ẹni tó bá rọ́pò wọn, kò lè burú tó wọn. Mo padà lọ bá àwọn obìnrin náà. Mo ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kúbúrà ló dá mi lóhùn.

"Àǹtí, ẹni tó ru ẹrù ló mọ bó ṣe wúwo tó."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Oṣù díẹ̀ péré ni."

Wọ́n gbà. Nítorí pé àgbà ni mí ni wọ́n ṣe gbà, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ mi wọ̀ wọ́n lára.

Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ Kọ́mọ́wẹ́ẹ̀tì tí òyìnbó ti ṣàkóso rí, òfin ìlú yìí sì gba àlejò bíi tiwọn láyè láti dìbò. Mo ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi wọn, wọ́n ń bá mi pín ìwé ìpolongo kiri Thamesmead. Kúbúrà, tó ti fi ìrora padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí fíísà, ò lè gun àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí, tí á máa ka ìwé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wa. Bàbá òyìnbó kan ṣílẹ̀kùn fún èmi àti Ṣèrífà, ó ní àwa la gba ìlú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó ní Woolwich ni bàbá òun ti rọ ọta ìbọn fún ìjọba, pé ilé olówó iyebíye ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ dà báyìí, ọmọ òun ò sì lè gba yàrá kan níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìtọ́jú. Ṣèrífà béèrè ta ló ń tọ́jú rẹ̀.

"Ọmọbìnrin kan láti Nàìjíríà," bàbá náà ní. "Ọmọ dáadáa ni."

Kò rí ohun tó takora nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò bínú sí i. Òótọ́ ni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn tó ta ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kò fara hàn án rí, àwa ló ń rí lójú pópó, nítorí náà àwa ni wọ́n nàka sí fún un, àìmọye olóṣèlú ló sì ń jẹun lórí ìnàka yẹn.

Lọ́jọ́ ìbò, àwọn obìnrin mi tò pẹ̀lú páálí aláwọ̀ ewé wọn lọ́wọ́. A wọlé. Graham dì mọ́ mi, omi wà lójú rẹ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Àwọn tí a dìbò fún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn àjèjì tó pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Wọ́n ní ọdún tí olùtọ́jú arúgbó yóò lò kó tó gba àṣẹ ìgbé títí máa gùn sí i. Nígbà tí wọ́n ń pa ọmọdé ní Gásà, gbólóhùn tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú ni àwọn tí a dìbò fún ń wá. Nígbà tó kan tiwa, wọn ò wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Plumstead, ẹnì kan ń so àsíá ìlú yìí mọ́ òpó iná lójú pópó, gbogbo wa sì mọ̀ pé àwa àlejò ló ń fi ránṣẹ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba àṣẹ ìgbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú yẹn nítorí ìwà tí wọ́n ń hù sí òṣìṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọ̀gá ló ṣẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Wọ́n fún wọn ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kí wọ́n máa lọ. Mo mú Kúbúrà lọ bá Graham.

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ojú àwọn ará ìlú ti yí padà, Bàsírà. Tí a ò bá le mọ́ àwọn àjèjì, àwọn tó burú jù wá lọ ló máa gbàjọba."

"Àjèjì wo?"

"Kì í ṣe irú yín."

Kúbúrà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Graham, ibi tí mo ti wá lòun náà ti wá. Èmi kàn tètè dé ni." Ó ní òun máa kọ lẹ́tà. Bóyá ó kọ ọ́.

Àwọn kan nínú wọn ríṣẹ́. Ibikíbi tí Kúbúrà lọ, bí wọ́n bá ti rí bó ṣe ń jókòó, ọ̀rọ̀ á parí. Nígbà tí ọgọ́ta ọjọ́ pé, mo sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Láti Abbey Wood, ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n fi ń yangàn yẹn ló gbé wa tààrà, ó mọ́ tónítóní, ó yára. Kúbúrà wà lórí ìdúró ní gbogbo ọ̀nà nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé, mo ní kó má bínú sí àwọn olóṣèlú yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mi ò bínú sí wọn, Àǹtí," ó ní. "Wọn ò mọ̀ mí rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí."

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Ṣèrífà ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú mìíràn, lápá Plumstead. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yanṣẹ́ lódì nítorí ọ̀rọ̀ gbígbé aláìsàn kan náà. Wọn ò fọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Lẹ́nu ọjà ni mo ti gbọ́, mo sì sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo bá Ṣèrífà tó ń pariwo lórí òkúta kan, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lọ́jọ́sí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ dúró sí."

Ẹ̀yìn ni mo dúró sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá wọn gbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá gbé aláìsàn mọ́. Ìyẹn la jèrè. Kì í ṣe ìbò ló gbà á fún wa.

Èyí tí a pàdánù, ẹ ti gbọ́. Ìjọba jẹ ẹ̀bi tiwọn, mo sì máa sọ ọ́ síta títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi. Ṣùgbọ́n tèmi ń bẹ. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń pe Kúbúrà n'Íjẹ̀bú-Òde. Á bi mí nípa òtútù, á ṣàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí mi sí, á ní ẹ̀yìn ń dára díẹ̀díẹ̀. Kò dárúkọ ìbò rí. Màá sọ nípa ojú ọjọ́, màá sọ nípa Ṣèrífà, káàdì ìpè á tán. Títí dòní, n kò tíì la ẹnu sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi.