Àpò Ara Ìkòkò Òdòdó

Ọdún tí mo dé ilé ọkọ ní Atakpamé, ọkọ mi tó jẹ́ olùkọ́ sọ fún mi pé àwọn Faransé máa ń gbé òdòdó sórí tábìlì. Mo wá agolo kan, mo gé ṣòkòtò kákí rẹ̀ tó ti gbó, mo rán an mọ́ agolo náà lára tòun tàpò, mo sì ki òdòdó sí i.

Ìyá ọkọ mi dé láti Datcha. "Ìyàwó, ṣé ṣòkòtò ọmọ mi kọ́ nìyí?"

"Òun ni, Ìyá. Ó ti gbó ni."

Mo rò pé wọ́n máa bínú, àfi bí wọ́n ṣe da aṣáà wọn sínú àpò náà.

Nígbà tí ọ̀gá ọkọ mi wá kí wa, ó ki imú bọ òdòdó títí imú rẹ̀ fi kan ẹnu àpò aṣáà, ló bá ń sín léraléra.

"Màdámù, òdòdó yín mà lágbára o!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí wọn. Wọ́n ní kí n rán tiwọn náà, kó ní àpò méjì.