Olè Fi Oríkì Mi Kan Ilẹ̀kùn Ibi Iṣẹ́ Ọmọ Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá bú èèyàn, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti wá. Ẹja yíyan ni mo fi tọ́ ọmọ. Ìgbà tí orúnkún ò jẹ́ kí n dúró nídìí ààrò mọ́ ni Mùlíkátù, àkọ́bí mi, wá kó mi lọ sílé rẹ̀ ní Ìkòròdú. Iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń pín oúnjẹ inú páálí káàkiri ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti owó oṣù wọn. Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ kùtù ló máa ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ wọn máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ni ọmọ mi bá di ẹni tó ń wọ bùláòsì ọ́fíìsì lókè, tó ró ìró mọ́ ìsàlẹ̀. Tábìlì ni ò jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ rí ìró.

Ìwé iléeṣẹ́ náà ò sí ní ọ́fíìsì mọ́. Mo ní níbo ló wà? Ó ní inú "cloud" ni, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá kan lókèèrè tí gbogbo wọn ń gba orí ìntánẹ́ẹ̀tì wọ̀. Mo ní ẹ kó ẹrù yín kúrò nínú ilé, ẹ gbé e sójú sánmà, ẹ wá ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ibẹ̀ ni òfin tuntun ti dé. "Zero trust" ni wọ́n ń pè é, kò sì ju pé má fọkàn tán ẹnikẹ́ni lọ. Mùlí fi agboolé ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti wọ géètì iléeṣẹ́ àwọn, gbogbo yàrá ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ní báyìí, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló sì ń béèrè pé ta ni, kọ̀ǹpútà wo lo gbé wá, kí lo fẹ́ mú.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ohun tí wọ́n lọ sanwó rẹpẹtẹ fún àwọn ọ̀mọ̀wé pé kí wọ́n wá kọ́ wọn nìyẹn? Ìdí ìró mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹja mi máa ń wà. Bàbá Mùlí tó jẹ́ ọkọ mi, bó bá fẹ́ jẹ obokún kan ṣoṣo, ó ní láti wá béèrè lọ́wọ́ mi. Ta ló sanwó fún mi?

Ẹ wá wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yọ ọmọ mi lẹ́nu. Ó jókòó, kọ̀ǹpútà ní ta ni ọ́? Ó lọ tọ̀, ó dé, ó ní ta ni ọ́? Á fi ojú hàn án. Fóònù rẹ̀ á tún dún pé ṣé ìwọ ni, á tẹ ibi aláwọ̀ ewé pé òun ni. Ọjọ́ tó wé hìjáàbù lọ́nà mìíràn, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ òjòwú gan-an kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, mà á ní, "Kọ̀ǹpútà, èmi ni mo bí i, mo jẹ́rìí sí i." Kò dá mi lóhùn rí.

Ọ̀gá àgbà wọn ló wá bà á jẹ́. Wọ́n ń ṣe ìpàdé orí fídíò, èmi jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọkùnrin yìí wàásù òfin náà títí ẹ̀wà fi tán lọ́wọ́ mi. Ó ní kí wọ́n má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, kódà ìyá tó bí wọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé. Ìyá! Ó dùn mí wọ eegun. Mo béèrè sókè pé ṣé ìyá tirẹ̀ ló jà á lólè ni? Mùlí sáré pa ohùn ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Mùlí fẹ́ lọ ra oògùn orúnkún fún mi ní Benson. Ó ṣí wáàsí sílẹ̀ fún mi lórí fóònù rẹ̀, ó ní òun ò ní pẹ́.

Ni ìpè bá wọlé. Mo gbé e, mo ní Mùlí ò sí nílé, ìyá rẹ̀ ni. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó tutù bí omi àmù. Ó kí mi, ó béèrè orúnkún mi, ó wá ní, "Ṣé Àṣàbí ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Àṣàbí, ọmọ ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló tún ń pè mí ní Àṣàbí? Ìyá mi ti lọ. Bàbá Mùlí ti lọ. Màmá ni gbogbo ayé ń pè mí, tàbí Ìyá Mùlí. Orí mi wú. Orúnkún tó ń ro mí láti àárọ̀, n ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó ní ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Mùlí wà. Ó ní kọ̀ǹpútà fẹ́ ti Mùlí síta, bó bá sì tì í, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ó ní ohun kan máa yọ lójú fóònù báyìí, kí n ṣáà tẹ ibi aláwọ̀ ewé. N ò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ ewé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àṣàbí. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́." Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ṣàdúrà fún un! Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á máa yọrí sí rere.

Mùlí dé, mo fi ayọ̀ ròyìn fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti láílọ́ọ̀nù oògùn lọ́wọ́. Ó béèrè bí ọkùnrin náà ṣe mọ Àṣàbí, kó tó rántí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ìbí mi, ó gbé fọ́tò mi sórí ìntánẹ́ẹ̀tì, ó kì mí síbẹ̀, ó kọ ẹja, ó kọ Ẹ̀pẹ́, ó ní kí ayé bá òun ṣàdúrà fún orúnkún ìyá òun. Àwa fúnra wa la sá a síta, olè kàn wá kó o ni.

Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ta ló rí wa? Ó ní bí òun bá dákẹ́, owó oṣù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun ló máa lọ. Ó pe àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló burú. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á ní, "Ẹ jẹun, mà." Ọmọ tó ń pè mí ní Màámi láti kékeré!

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè é sí ìpàdé orí fídíò. Ọ̀gá àgbà ní àfi kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. Ó ní ṣebí òun ti sọ ọ́, ìyá inú ilé.

Mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo rìn dé iwájú kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ àgbà jẹ ọmọ níyà." Mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo bú u lọ́jọ́sí.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, Bísọ́lá lorúkọ rẹ̀, ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òótọ́ ni pé ohun tí mo tẹ̀ gbé olè wọ géètì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu yàrá owó oṣù, ilẹ̀kùn béèrè kọ̀ǹpútà tó gbé wá, kì í sì í ṣe ti Mùlí, ló bá lé e. Kó tó wá ọ̀nà mìíràn, Mùlí ti figbe ta. Kò rí nǹkan kan mú.

Àṣé ohun tí mo ń fi ṣẹ̀sín láti ọjọ́ yìí ló gba ọmọ mi sílẹ̀. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í pẹ́ dákẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kọ̀ǹpútà ń bi yín léèrè lóòjọ́?"

Bísọ́lá wú ikọ́ díẹ̀. Ó ní, "Màmá, kì í bi ọ̀gá. Wọ́n ní ó ń dí wọn lọ́wọ́, kí á yọ ọ́ kúrò fún wọn."

Mo ní, "Ilé tí gbogbo yàrá ní kọ́kọ́rọ́, tí yàrá baálé ò ní ilẹ̀kùn, ibo lẹ rò pé olè máa gbà?"

Ọ̀gá ní iná ti fẹ́ lọ lọ́dọ̀ òun. Ojú rẹ̀ bá parẹ́.

Ọjọ́ kejì, Bísọ́lá lọ yẹ yàrá ọ̀gá wò. Ẹ gbà mí! Ó ti lé lóṣù kan tí olè ti wà níbẹ̀, tó ń ka lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni ka ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ló ti mọ ẹni tó ń tọ́jú owó oṣù àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ tèmi. Wọ́n dá Mùlí padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ kan. Ìwé ìkìlọ̀ ti ọ̀gá dà? Ẹ má bi mí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti ń bi òun náà báyìí. Ọjọ́ tó fá irùngbọ̀n, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo fi ìròyìn yẹn jẹ ẹ̀bà méjì.

Ọ̀kan ló kù tó ń dùn mí. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, olè yẹn nìkan ló pè mí ní Àṣàbí.

Àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí nọ́ńbà tí a ò mọ̀ pè. Obìnrin ni. Ó ní, "Àṣàbí, o ṣì wà láyé?" Ó ní òun ni Ìyá Ràfíù, tí a jọ ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ òun ni, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ààrò lọ́jọ́ tí mo bí Mùlí. Ó pòṣé, ó ní ṣé orí mi ti dàrú ni? Mo ní kó dáhùn.

Ó ní, "Ọmọ ti fẹ́ jáde, o ní kí á kọ́kọ́ yí ẹja ná kí á tó gbé ẹ."

Mo bú sẹ́kún, òun ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò sí lórí ìntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìbéèrè kì í ṣe ìkórìíra. Ẹni tó fẹ́ràn yín lè pòṣé, ṣùgbọ́n á dáhùn. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Òfin tí ò bá sì kan ọ̀gá, ẹ̀tàn ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọ̀rọ̀ dídùn wọlé yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, wọ́n á kà á fún mi. Àmọ́ ẹ má kọ oríkì yín síbẹ̀ o. Tèmi ti di ti gbogbo ayé ná, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀, mo máa bi yín ní ìbéèrè.