Ọmọ Ọ̀dọ̀ Kọ́ Ni Ọkùnrin Yẹn

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham fẹ́ ṣe àfihàn nípa àwọn èèyàn dúdú tó gbé ìhà ibí yìí láyé àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí London, rí ọkùnrin kan nínú ìwé àtijọ́. Wọ́n ti rà á, wọ́n ti tà á, ní erékùṣù kan tí wọ́n ti ń gbin ìrèké. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ sójà, ó jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó gba òmìnira, ó wá ń ru pákó ní èbúté Deptford. Lébìrà ni wọ́n pè é nínú ìwé náà. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ.

Èmi ni wọ́n ní kí n ka ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá sétí àwọn àgbà lọ́jọ́ àfihàn náà. Prámárì fáìfù ni mo kà dé, ọ́fíìsì ni mo sì ń fọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwa ọ̀dọ́, èmi nìkan ló mọ àmì ohùn kà. Ojú máa ń tì mí láàárín èrò. Torí ọkùnrin yẹn ni mo ṣe gbà.

Sátidé tó ṣáájú àfihàn náà, a jókòó sí yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ọmọbìnrin náà ń ka ohun tó kọ.

"Ẹrù ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀."

Àǹkù tó jẹ́ alága mọ́ṣáláṣí wa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹrù kẹ̀? Ṣé inú bùútù mọ́tò ni wọ́n dì í sí?"

"Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀rù."

"Ẹ̀rù ta ló ń bà á?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà. Àǹkù nu ojú. "Ẹ yọ ọ́ kúrò jàre. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ dùn létí. Ẹ kọ ọmọ ọ̀dọ̀ síbẹ̀."

Wọ́n sì kọ ọ́.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n pe èmi náà ní Stockwell fún ọdún mẹ́fà. Obìnrin tó mú mi wá sí London sọ fún bàbá mi pé ilé ìwé lòun ń mú mi lọ. Ó ti páásípọ́ọ̀tù mi mọ́ inú àpótí. Ilẹ̀ kíṣìnì ni mo ń sùn. Bí àlejò bá dé, á ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ mi nìyí," wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún un pé ó ń ran ọmọ aláìní lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi bò mí mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "ọmọ ọ̀dọ̀" tó máa ronú àtipe ọlọ́pàá.

Síbẹ̀ mo jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní ìpàdé yẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni inú fi ń bí mi, sí Àǹkù, sí ara mi.

Lọ́jọ́ àfihàn, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, mo kà á pé, "Wọ́n sọ ọ́ di ẹrú."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀," ni Àǹkù wí.

"Mo rí i, sà."

"Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kí o kà á."

"Mi ò ní kà á, sà. Wọ́n ra ọkùnrin yìí ni. Kí ló dé tí ẹ ń bá àwọn tó rà á bò ó?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa ní Yorùbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ìyá kan pòṣé, ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo rìn lọ síbi káàdì tí wọ́n kọ ìtàn ọkùnrin náà sí lára ògiri, mo fi bírò fa ìlà sórí ọmọ ọ̀dọ̀, mo kọ ẹrú sí i, mo fi àmì sórí rẹ̀.

Nígbà tó máa fi di Jímọ́ọ̀, Àǹkù ti tẹ káàdì mìíràn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló tún kọ sí i. Mo mú bírò jáde nínú báàgì mi. Ọmọbìnrin tó kọ ìtàn náà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá mi ṣọ́ Àǹkù.