Èmi ni mo kọ́ Ráfíátù ní ìdáhùn

Franchement, kí n sòótọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn yín.

Ọmọ mi Ráfíátù, nǹkan kì í tètè yé e, ṣùgbọ́n kò sí ọmọbìnrin tó lè sáré jù ú lọ ní Goro níbí.

Lónìí ni dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó lè bá àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ díje nínú eré sísá.

Mo ṣe bí ìdánwò ilé-ìwé ni! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó tì í, tí mo ń kọ́ ọ ní kíkà àti ìdáhùn sí ìbéèrè.

Ó gba gbogbo ìbéèrè dókítà. Mo pàtẹ́wọ́.

Dókítà kọjú sí mi, ó ní: "Tata, kò sóhun tó ṣe ọmọ yìí. A ò lè mú un fún ìdíje àwọn tí nǹkan kì í tètè yé."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi àdúrà wá látọjọ́ tí mo ti bí i!

Ṣé kí n padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà?

Ráfíátù ò tíì bọ́ bàtà eré. Ó ní: "Màmá, mo ṣe é dáadáa, àbí?"

Ẹ gbà mí o, kí ni kí n sọ fún un?