Bí Ganiyat Ṣe Wẹ Ìyá Rẹ̀ Láti Èápọ́ọ̀tù

Àwọn èèyàn ìsinsìnyí kàn ń la ẹnu ni, wọn kì í ro ọ̀rọ̀ kó tó jáde. "Ogójì ìṣẹ́jú péré ni láti Èkó dé Ìlọrin." Ogójì ìṣẹ́jú ta ni? Ti ọkọ̀ òfúrufú ni, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Láti Ìgàndó dé Ìkẹjà ńkọ́? Ìjókòó tí wọ́n á ní kéèyàn jókòó de ọkọ̀ ńkọ́? Láti Ìlọrin dé Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Wọn ò ní ka ìyẹn mọ́ ọn.

Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni Zikrullah sọ fún Ganiyat, ìyá ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá Ganiyat kú l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ló bá sáré lọ wọkọ̀ òfúrufú.

Ta ni ò mọ Ganiyat n'Ígàndó? Òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin mùsùlùmí ládùúgbò. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró de ọmọ tó ń bọ̀ láti ìdálẹ̀, á sọ ọ́ sí i lójú pé òkú kì í dúró de alààyè. Ìyá ẹ̀ sì ti bẹ̀ ẹ́ tipẹ́: "Tí mo bá kú, má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì wẹ̀ mí o." Ó ṣèlérí.

Ọkọ̀ àárọ̀ ò gbéra. Oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí nígbà tí Abdulganiyy, àbúrò ẹ̀ tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Alfa ní lẹ́yìn ìrun Àyìlá la máa sin ín o."

"Ẹ dúró dè mí."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní òkú kì í dúró ni?"

 

"Gbé fóònù fún ìyàwó ẹ."

Àdíját ò fọwọ́ kan òkú rí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Kó máa bà ọ́, ọwọ́ ẹ nìkan ni mo nílò. Gbé fóònù sẹ́yìn kọ́tìnnì, kóhùn mi lè jáde dáadáa."

"Àbí ká kúkú ṣe é ní fídíò?"

"Fídíò ìhòòhò ìyá mi? Orí ẹ ti yí!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárín àwọn tó ń wọ́ àpótí ẹrù ní èápọ́ọ̀tù. "Àlùwàlá kọ́kọ́. Ó yá, apá ọ̀tún. Rọra, kì í ṣe ìkòkò lò ń fọ̀."

Wọ́n ti da omi ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá dúró tì í. "Mọ́mì, ẹ wọlé, wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹ pa fóònù."

"Ó ku omi kan."

"Ọkọ̀ ò ní dúró o, Mọ́mì."

Ganiyat wò ó. Tóun bá pa fóònù yẹn, ẹ̀rù á lé Àdíját jáde, wọn á sì pe ẹlòmíì.

"Kó máa lọ, jàre. Àdíját, da lọ́fínńdà sómi ìkẹyìn."

Wọ́n tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ gbéra. Ganiyat ò tiẹ̀ gbójú sókè, àfìgbà tí Àdíját ní àwọn ti nù ún gbẹ, àwọn ti ń wé e. Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

Nígbà tó padà dé Ìgàndó, àwọn kan ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́ pé kò bá wọn dé ibi ìsìnkú. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ kí ni? Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ Àdíját ni mo yá lò." Ló bá kó gbogbo ọmọbìnrin ilé jọ, ó ní kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú, kó má baà di pé lọ́jọ́ tí òun náà bá... Ẹ dúró ná, wọ́n ń pè mí. Kí ló dé, Súmbọ̀? Mò ń bọ̀! Ṣé ilé ń jó ni?