Òógùn Tí Wọ́n Sọ Di Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun

Ní gbogbo ọdún tí Alájì Tìrìmísíyù fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìgò ní Ìkòròdú, ìgò ni ó ń yẹ̀ wò. Ìgò tí ó bá wọ́ bí fọ́nrán irun lásán, kò ní jẹ́ kí ó kọjá. Nígbà náà, iṣẹ́ ṣì ń jẹ́ iṣẹ́. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì sí Ẹ̀pẹ́, ìlú àwọn baba rẹ̀, ojú kan náà ni ó fi ń wo ọ̀rọ̀: ohun tí nǹkan bá jẹ́ ni kí a pè é.

Àfi bí jẹjẹrẹ ṣe mú un ní próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Dókítà ní kí ó máa wá gba abẹ́rẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní Ìkòròdú, èyí tí yóò dènà họ́mọ̀nù ọkùnrin tí àrùn náà ń jẹ lóúnjẹ. Abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ooru tí ó bá a wá! Láti àyà ni í ti í gbéra, a gun ọrùn, a dé àtàrí, òógùn a sì bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ẹkún ni í tẹ̀ lé e, ẹkún tí kò nídìí, lójú ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí ó ń sin ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó yàgò fún tíì gbígbóná àti ata, kí ó máa rìn láàárọ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ooru dín, kò tán. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ooru náà sì fẹ́ràn láti dé jù, nígbà tí Ìmáámù bá ń ka kútúbà, tí Alájì wà ní ìlà iwájú.

Dáúdà ládàánì ni ó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. “Ẹ wo Alájì! Wọ́n dárúkọ iná, ó ń làágùn. Wọ́n dárúkọ àlùjánńà, ó ń sunkún. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun rèé o!”

Ni àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi inú ike wá kí ó ṣàdúà sí i.

“Ìyá Baseerah, mi ò gba abẹ́rẹ́ yẹn mọ́,” ni ó wí fún Kúbúrátù ìyàwó rẹ̀. “Wọ́n ti sọ àìsàn mi di kàráámà, iṣẹ́ ìyanu ẹni mímọ́.”

“Bàbá Baseerah, ẹ fẹ́ kú kí ará Ẹ̀pẹ́ lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe walíyì? Èmi tí mò ń fọ aṣọ pílò yín mọ̀ ọ́n. Ṣé kò tó ni?”

“Kò tó. N ó sọ òótọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá gbà, n ó lọ gba tọ̀la. Bí wọn ò bá gbà, ó parí.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, Alájì Qamardeen, olórí àwọn àgbà mọ́sáláṣí, dé pẹ̀lú Dáúdà. Wọ́n fẹ́ wé láwàní Baba Àdínì fún un. Ọ̀rọ̀ kò tíì dé ìdajì tí ooru fi dìde. Ó ṣí fìlà, ó nu ojú, ó fi ìnujú rẹ̀ sí apá àga.

“Ẹ gbọ́ mi. Abẹ́rẹ́ ni. Jẹjẹrẹ ni mò ń tọ́jú.” Ó sọ ọ́ tán pátá, títí dé ọ̀rọ̀ yàrá tí àgbàlagbà kì í sọ fún àlejò.

Alájì Qamardeen mi orí.

“Alláhù Akbar! Dáúdà, o gbọ́? Ẹni Ọlọ́hun ni í sá fún orúkọ. Ó tilẹ̀ ń kó ìtìjú bora kí a má baà yìn ín.”

Wọ́n fi láwàní sí Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ.

Kúbúrátù wo apá àga. “Ìnujú yín dà?”

Wọ́n wá a títí. Àwọn méjèèjì wá wo ẹnu ọ̀nà.

“Dáúdà!” ni Alájì ké.

“Ó ti mú àlùbáríkà lọlé,” ni Kúbúrátù wí, ó sì jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Alájì kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Ọ̀la ńkọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tí ẹ̀rín tán.

Alájì tún wo ẹnu ọ̀nà. “Bí mo bá kú, wọn ò ní jẹ́ kí sàárè mi sinmi. Wọ́n á máa gbé omi wá síbẹ̀.”

“Wọ́n á gbé e wá.”

“Mi ò ní fún wọn láyè.” Ó dìde, ó ń pòṣé. “Wá ìnujú mìíràn fún mi tí n ó mú lọ Ìkòròdú. Kí ó jẹ́ méjì.”